Ọkọ̀ Tí Ó Ń Gbọ̀n Nígbà Tí A Bá Ṣáná Sí I Láàárọ̀

Bí o bá bọ́ sínú ọkọ̀ rẹ ní òwúrọ̀ láti lọ sí ibi iṣẹ́, ohun tí ò ń retí ni pé bí o bá ti yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ kan wà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn a máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, wọn a máa húkọ́, wọn a fẹ́ kú, wọn kò ní kú. Bí ó bá tó ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ara wọn yóò balẹ̀, wọn yóò sì máa lọ geere bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe wọ́n rí. Ìbalẹ̀ ara yìí gan-an ni ó ń tan onímọ́tò jẹ.

Kí o tó lè mọ ohun tí ó ń ṣe ẹ́ńjìnnì, ó yẹ kí o mọ ohun tí ó nílò. Ohun mẹ́rin ni: afẹ́fẹ́, epo bẹntiróòlù, iná láti ẹnu púlọ́ọ̀gì, àti agbára tí písítìnnì fi ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ nínú sílíńdà. Láàárọ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́, ẹ́ńjìnnì ti tutù, epo kì í sì tètè di oru nínú òtútù. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì tutù ń fẹ́ epo ju èyí tí ó ti gbóná lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, irú Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, kabúrétọ̀ ni ó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, ṣóòkù ni a sì fi ń dín afẹ́fẹ́ kù láàárọ̀. Nínú ọkọ̀ òde òní, kọ̀ǹpútà kékeré kan ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà; sẹ́ńsọ̀ tí ó ń wọn ìgbóná omi ẹ́ńjìnnì ni ó ń ròyìn fún un. Bí sẹ́ńsọ̀ yìí bá ń parọ́ pé omi gbóná nígbà tí ó tutù, ebi epo yóò máa pa ẹ́ńjìnnì.

Má ṣe wa ọkọ̀ náà lọ bá mẹkáníìkì kí o sì máa retí pé yóò rí àìsàn náà. Kí o tó débẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti gbóná, àìsàn ti sá lọ. Fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ di ọjọ́ kejì, tàbí kí o bẹ̀ ẹ́ kí ó wá bá ọ ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ kí ó tó dé.

Àwọn nǹkan kan wà tí ìwọ náà lè yẹ̀ wò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí wúyẹ́wúyẹ́ kí ó tó gbà, wo bátìrì. Bátìrì tí ó kún, tí ó sì ti sinmi mọ́jú, máa ń ní vólìtì 12.6, èyí tí ó bá jẹ́ 12 péré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Bí bátìrì bá dára, yí kọ́kọ́rọ́ débi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù yóò tàn, dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, pa á, tún un ṣe, kí o tó wá ṣáná. Bí ọkọ̀ bá gbéra dáadáa lọ́nà yìí, a jẹ́ pé epo tí ó yẹ kí ó dúró nínú páìpù ń padà sínú táǹkì lóru, tàbí pé nọ́súlù kan ń jò sínú ẹ́ńjìnnì.

Lẹ́yìn èyí, wo èéfín. Ìta gbangba ni kí o ti ṣe é, nítorí èéfín ọkọ̀ nínú gáréèjì tí a tì lè pa ènìyàn. Èéfín dúdú, epo ti pọ̀ jù; èyí tí ó bá rí bí aró, ọ́ìlì ni ó ń jó. Èéfín funfun díẹ̀ tí ó tètè parẹ́ kò ní nǹkan ṣe, ṣùgbọ́n bí ó bá nípọn, tí ó sì pẹ́, fura sí i.

Èmi fúnra mi ti jìyà àìfura yìí rí. Mẹkáníìkì tí mo ń lò nígbà náà ní kí n ra púlọ́ọ̀gì tuntun. Mo rà á. Ó ní kí n ra pọ́ǹpù epo. Mo rà á. Ó fọ nọ́súlù, ó gbowó rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì mi ń bá ibẹ̀ lọ, ọkọ̀ kò sì yé gbọ̀n. Ó tó ìgbà mẹ́ta tí mo bu omi kún rédíétọ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé oòrùn ni ó ń fà á gbẹ. N kò sọ fún un, òun náà kò sì béèrè. Àgbàlagbà mẹkáníìkì kan ni ó wá bá mi ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kan. Kò ṣáná rárá. Ó tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tò wọ́n sórí pátákó ní ẹsẹẹsẹ. Mẹ́ta ní àwọ̀ ẹ̀pà yíyan, bí ó ti yẹ. Ẹ̀kẹta láti iwájú mọ́ fínnífínní, omi sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e sí imú. Kò rùn bí epo.

Ó ní, “Tíṣà, omi rédíétọ̀ yín ni ẹ́ńjìnnì yìí ń mu lóru.”

Gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ìdí rẹ̀ ni ó ti là. Bí a bá pa ọkọ̀ gbígbóná lálẹ́, omi inú rẹ̀ ṣì ń tì kíkankíkan. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jò sínú sílíńdà kẹta. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin yóò máa fi ẹsẹ̀ mẹ́ta rìn títí omi yóò fi jó tán. Omi kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Bí ó bá pọ̀ jù níbẹ̀, ó lè tẹ irin tí ó gbé písítìnnì dúró, owó gásíkẹ́ẹ̀tì yóò sì di owó odindi ẹ́ńjìnnì.

Wọ́n tú orí ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi irin gígùn wò ó bóyá ó tẹ́, wọ́n fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, wọ́n sì dè é ní ìtẹ̀léra àti ní ìwọ̀n tí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà là sílẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì pẹ̀lú. Fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo ń ṣí rédíétọ̀ wò láràárọ̀ nígbà tí ó bá tutù, nítorí omi gbígbóná ibẹ̀ a máa bó ènìyàn lójú. Omi kò lọ sílẹ̀ mọ́.