Ìrẹsì sísè nínú máíkíróweèfù: ohun tó yẹ kẹ́yin èèyàn wa ní Ogunu mọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Ogunu, ní Warri níbí, ló jẹ́ pé yàrá kan tàbí yàrá àti pálọ̀ ni wọ́n gbà. Ilé ìdáná wà níta, ayálégbé mẹ́ta mẹ́rin ló sì jọ ń lò ó. Ẹlòmíì fi ìyàwó àtàwọn ọmọ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ tàbí Iléṣà, iṣẹ́ ló gbé e wá, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló sì ń wọlé. Irú wọn ló máa ń bi wá pé ṣé lóòótọ́ ni èèyàn lè fi máíkíróweèfù se ìrẹsì látorí tútù títí tó fi máa jinná, àbí ọbẹ̀ àná nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Òótọ́ ni, ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n kọ sára páálí ìrẹsì òkè òkun kò bá ìrẹsì tiwa mu, iná tiwọn kì í ṣe iná tiwa, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tó léwu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tọ́pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò sí iná tó ń jó nínú máíkíróweèfù, kò sì sí irin tó ń pọ́n bíi ti sítóòfù oníná. Ohun kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní magnetron, òun ló ń tú ìgbì kan jáde tó jẹ́ ọmọ ìyá ìgbì rédíò. Ìgbì yìí ń yí síwá sẹ́yìn ní ìgbà bílíọ̀nù 2.45 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, omi inú oúnjẹ sì ń fẹ́ bá a yí, ibẹ̀ ni ooru ti ń wá. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Percy Spencer, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ Raytheon, ló ṣàkíyèsí ẹ̀ lọ́dún 1945, nígbà tí ṣokoléètì yọ́ sínú àpò ẹ̀ bó ṣe dúró nítòsí ẹ̀rọ rédà. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1947 ga tó èèyàn, ó sì wọ̀n tó nǹkan bíi 340 kílò. Ta ló fẹ́ gbé ìyẹn wọ yàrá kan? Ọdún 1967 ni kékeré tó ṣeé gbé sórí tábìlì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbajúmọ̀ lọ́hùn-ún.

Ohun tá a fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni pé omi ni máíkíróweèfù ń sè, kì í ṣe ìrẹsì. Ìrẹsì gbígbẹ kò fi bẹ́ẹ̀ ní omi lára. Omi tẹ́ ẹ bù sí i ló máa hó, òun náà ló máa wọ inú hóró ìrẹsì tó fi máa rọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yá ju ti orí gáàsì lọ. Ẹni tó bá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ń gba òun, ìrẹsì tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa ni. Púpọ̀ nínú ìrẹsì tí à ń rà ní ọjà Igbudu tàbí ní Effurun ló jẹ́ pé wọ́n ti rẹ ẹ́ tèèpotèèpo, wọ́n ti fi ooru omi sè é, wọ́n sì ti sá a kó gbẹ kí ẹ̀rọ tó bó o. Hóró irú ìrẹsì bẹ́ẹ̀ máa ń le, kì í tètè mu omi. Ìrẹsì tí àwọn ará Japan ń jẹ kò rí bẹ́ẹ̀, ìrẹsì tiwọn ni ọ̀pọ̀ ìlànà tó wà káàkiri ń sọ nípa ẹ̀.

Èrè tó wà níbẹ̀ ni pé èèyàn lè lọ wẹ̀ kó máa sè lọ, ìdí ìkòkò kò ní jóná, kò sì sí pé gáàsì tán lóru.

Bá a ṣe ń ṣe é rèé. Ẹni kan, àgolo mílíìkì kan. Ẹni méjì, àgolo méjì, ẹ má kọjá ìyẹn. Ẹ ṣa òkúta inú ẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi ẹ̀ á fi mọ́, kẹ́ ẹ wá rẹ ẹ́ sómi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má fo rírẹ yìí o, òun ló ń jẹ́ kí àárín hóró jinná lásìkò kan náà pẹ̀lú ẹ̀yìn ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi yẹn nù. Abọ́ tẹ́ ẹ máa lò gbọ́dọ̀ tóbi gan-an, débi pé ìrẹsì àti omi kò ní ju ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ lọ. Àgolo ìrẹsì kan, àgolo omi méjì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó rọ̀ dáadáa, ẹ fi díẹ̀ sí i. Ẹ fi iyọ̀ sí i, ẹ gbé ìdérí lé e, àmọ́ ẹ má dé e pa, ẹ jẹ́ kí ooru ríbi gbà jáde.

Ẹ tẹ agbára tó ga jù fún ìṣẹ́jú 6 sí 8, títí tó fi máa hó. Tó bá ti hó, ẹ dín agbára ẹ̀ kù sí ìdajì, kẹ́ ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 15 sí 18 sí i. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ lórí agbára gíga, ìfófòó ẹ̀ á ru, á dà sórí àwo tó ń yí nísàlẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa wá dúró nù ún. Lórí agbára ìdajì yìí, ẹ lè gbọ́ tó ń kùn, táá tún dákẹ́, táá tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kò bàjẹ́ o. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe ń dín agbára kù nìyẹn, á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á sinmi díẹ̀. Tó bá wá parí, ẹ má tíì ṣí i. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó mu omi tó kù. Tó bá ṣì le lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọ́n ṣíbí omi mẹ́ta sí i, kẹ́ ẹ fún un ní ìṣẹ́jú méjì sí i. Tẹ́ ẹ bá ń ṣí ìdérí, ọ̀dọ̀ yín kọ́ ni kẹ́ ẹ ṣí i sí, torí ooru ẹ̀ ń bó èèyàn lójú.

Ẹni tí kò lè jẹ ìrẹsì láìjẹ́ pé ó bọ̀ ọ́ kó sì ṣàn án bí ìyá wa ṣe máa ń ṣe, kò burú: ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ hó fún ìṣẹ́jú mẹ́rin márùn-ún, ẹ dà á sínú ajọ̀, ẹ ṣàn án, kẹ́ ẹ wá fi omi gbígbóná mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti wá di méjì nìyẹn. Ní ti Ọ̀fàdà tí wọ́n ń fi mọ́tò ránṣẹ́ sí yín láti ilé, eèrí ara ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀, ó nílò wákàtí kan nínú omi, àgolo omi méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta, àti bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí agbára ìdajì. Ohun kan tá a máa sọ fún yín tẹ́lẹ̀ ni pé òórùn ẹ̀ kì í tètè kúrò nínú máíkíróweèfù. Tíì tẹ́ ẹ bá gbé síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì á mọ̀ pé Ọ̀fàdà kọjá níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ abọ́ kò gba àwàdà. Abọ́ gíláàsì tó nípọn àti tánganran tí kò ní ìlà wúrà lára ló dáa jù. Abọ́ irin, ṣíbí, àwo onírin tí wọ́n kùn àti fóìlì máa ń ta iná. Ike áísìkirîmù àtàwọn ike pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi di oúnjẹ tà, ẹ má gbé wọn síbẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sídìí ẹ̀ pé ó ṣeé lò nínú máíkíróweèfù. Ìrẹsì tó ń hó fún ìdajì wákàtí lágbára láti yọ́ ike, ẹ̀yin lẹ ó sì jẹ ohun tó bá jáde lára ẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti iná. Kẹ́ ẹ tó ra tòkunbọ̀, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò. Tí wọ́n bá kọ 120V síbẹ̀, Amẹ́ríkà ló ti wá. Iná tiwa ń lọ sí 240, tẹ́ ẹ bá kì í bọ wáyà báyìí, ó parí nìyẹn. Èyí tó ti Ìlú Ọba wá kò ní wàhálà yẹn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní «I better pass my neighbour» kò lè gbé e. Iṣẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ yẹn lè ṣe láìdáwọ́dúró kò ju nǹkan bíi wáàtì 650 lọ, bẹ́ẹ̀ máíkíróweèfù tí wọ́n kọ 700 sí lára ń fa tó wáàtì 1,000 sí 1,200, torí pé 700 yẹn jẹ́ ohun tó dé inú oúnjẹ, kì í ṣe ohun tó ń fà lára wáyà.

Ní ti owó, oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni àjọ NERC gbé owó iná àwọn tó wà lórí Band A láti 68 náírà sí 225 náírà fún ẹyọ kan, kí wọ́n tó dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Tá a bá fi 225 yẹn gan-an ṣírò ẹ̀, ìrẹsì ẹni kan tàbí méjì ń jẹ bí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹyọ iná, ìyẹn nǹkan bíi 75 náírà. Ẹni tó ń dá gbé kò lè ráhùn sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá jẹ́ mẹ́fà nílé, bí ìrẹsì ṣe ń pọ̀ sí i ni àkókò ẹ̀ ń gùn sí i, ẹ gbé ìkòkò ka orí gáàsì kẹ́ ẹ sinmi.

Ohun tọ́pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù ni pé á fa jẹjẹrẹ. Ìgbì yìí kò rí bíi ti X-ray. Tẹ́ ẹ bá ti ṣí ilẹ̀kùn, ó dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, kò sì sí ohun tó kù nínú ìrẹsì ju ooru lọ. Ilẹ̀kùn tó ti yẹ̀, tí kò pa dé mọ́, lẹ ò gbọ́dọ̀ lò.

Ìrẹsì àná ló yẹ ká bẹ̀rù. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus, ó máa ń wà lára ìrẹsì látinú oko. Ó mọ bó ṣe ń ká ara ẹ̀ kò bí irúgbìn gbígbẹ, omi híhó kò sì lè pa á. Tí ìrẹsì bá wá wà nínú ooru Warri yìí láti alẹ́ di òwúrọ̀, á jí, á máa pọ̀ sí i, á sì tú oró sínú ẹ̀. Oró tó ń fa èébì nínú ìwọ̀nyí, gbígbóná kò lè pa á, ì báà jẹ́ máíkíróweèfù tàbí sítóòfù. Láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà, èébì ti dé. Láwọn ọdún 1970, ìrẹsì díndín láwọn ilé oúnjẹ Ṣáínà ní Ìlú Ọba ni wọ́n fi dá kòkòrò yìí mọ̀ dáadáa, wọ́n ń sè é sílẹ̀ lálẹ́, wọ́n á sì dín in lọ́jọ́ kejì. Kì í sì í ṣe dandan kó kan tàbí kó rùn kó tó léwu.

Nítorí náà, ìwọ̀nba tẹ́ ẹ máa jẹ ni kẹ́ ẹ sè, máíkíróweèfù gan-an sì dáa fún ìwọ̀nba. Tó bá ṣẹ́ kù, ẹ tẹ́ ẹ sínú abọ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kó tètè tutù, kó tó wákàtí kan kẹ́ ẹ gbé e sí fíríìjì, kẹ́ ẹ sì jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa gbé e gbóná, kó gbóná dénú, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i kẹ́ ẹ tó dé e. (Ọbẹ̀ banga táwọn onílé wa ń fi jẹ sítáàṣì ń bá a lọ, ẹ dán an wò.) Tí iná kò bá sí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, fíríìjì yẹn ti di kọ́bọ́ọ̀dù lásán, ẹ da ìrẹsì inú ẹ̀ nù.

Tí iná bá wá lọ nígbà tí ìrẹsì ń hó lọ́wọ́, ẹ yọ wáyà kúrò lára ògiri, torí bí iná ṣe ń já padà wá ló ń ba nǹkan jẹ́. Ẹ má ṣí ìdérí. Ooru tó wà nínú ẹ̀ á ṣì máa sè é lọ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí iná bá dé láàárín ìdajì wákàtí, ẹ fi omi díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ parí ìṣẹ́jú tó kù. Tí kò bá dé, ẹ dà á sínú ìkòkò, kẹ́ ẹ gbé e lọ sórí gáàsì lálẹ́ ọjọ́ náà.