Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Yí Ẹ̀rọ Ooru

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé tí iṣẹ́ ìgbáyégbádùn ẹbí ti gbé mi dé. Ọ̀rọ̀ àpótí kékeré ara ògiri ni, èyí tí wọ́n ń pè ní thermostat.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kìn-ín-ní, mo wọ ilé tọkọtaya kan ní Glyndon Estate, láàárín Woolwich àti Plumstead. Ooru pálọ̀ wọn dà bí ti ọ̀sán Èkó, fèrèsé sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo wo ara ògiri: 30 ni wọ́n yí thermostat sí. Ìyá ilé ṣàlàyé pé bí àwọn ọmọ bá ti ilé ìwé dé ní agogo mẹ́ta ààbọ̀, ilé a máa tutù bí omi yìnyín, ìdí nìyẹn tí òun fi ń yí i dé òpin kí ó lè tètè gbóná. Baálé ilé ní tirẹ̀ sọ pé ìyàwó òun fẹ́ fi owó gáàsì sọ òun di onígbèsè. Àkọ́bí wọn, ọmọ ọdún mọ́kànlá, wọ kóòtù lọ́sàn-án ọjọ́ náà láti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi tan hítà. Ó ní òun kì í fọwọ́ kàn án, kí bàbá àti màmá òun má baà tún jà.

Nígbà tí a yẹ aago ẹ̀rọ náà wò, a rí i pé wákàtí àwọn tí ó gbé ilé náà ṣáájú ni ó ṣì ń tẹ̀ lé. Láti ọ̀sán títí di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, aago kò gbà kí bọ́ílà jó rárá, bí ìyá ọmọ tilẹ̀ yí thermostat dé ọgọ́rùn-ún. Bí agogo márùn-ún bá wá lù, bọ́ílà a bẹ̀rẹ̀ sí í lé 30 tí wọ́n pa láṣẹ fún un, títí fèrèsé yóò fi di ṣíṣí. Bàbá kì í ṣe ahun, ìyá kì í sì í ṣe àpà. Kò tíì sí ẹni tí ó sọ ìṣesí ilé náà fún ẹ̀rọ ni.

Ẹ jẹ́ kí a mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá méjì ní ń pàṣẹ fún bọ́ílà. Aago ní ń sọ ìgbà tí ó lè jó. Thermostat ní ń sọ ibi tí ooru yóò dé. Bí yàrá bá ti gbóná tó bí a ṣe fẹ́, yóò pa bọ́ílà. Bí ó bá tún tutù, yóò tàn án. Nínú irú èyí tí a lè tò fún ọjọ́ àti wákàtí, ọ̀gá méjèèjì wà nínú àpótí kan náà. Nítorí náà, ilé kò ní torí 30 gbóná kíákíá ju ti 20 lọ. Bọ́ílà yóò kàn pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni, owó yóò sì máa jó pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.

Ìwọ̀n wo wá ni ó yẹ? Ní ọdún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí inú ilé má tutù ju 18 lọ nígbà òtútù, ó sì lè yẹ kí ó gbóná jù bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé, àgbàlagbà àti aláìsàn. Láàárín 18 sí 21 tó fún ọ̀pọ̀ ilé. Yàrá tí ọmọ ọwọ́ ń sùn sí kò gbọdọ̀ ju 16 sí 20 lọ. Ìyá àgbà tí ó ti Ìbàdàn wá wo ọmọ tuntun lè fẹ́ kí yàrá náà móoru bí ti ilé. Ẹ fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún wọn pé ooru àpọ̀jù lè dá kún ewu ikú òjijì fún ọmọ ọwọ́, kí ẹ sì wá súwẹ́tà àti ìbora tí ó nípọn fún àwọn fúnra wọn.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jókòó papọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ní ń jí ní agogo mẹ́rin lọ síbi iṣẹ́, ta ní ń ti iṣẹ́ òru dé, ìgbà wo ni àwọn ọmọ ń wọlé? Ẹ jẹ́ kí ooru bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú àkókò náà, kí ẹ dín in kù nígbà tí gbogbo yín bá jáde tàbí tí ẹ bá sùn. Ẹ má fi kọ́tìnì bo thermostat, ẹ má sì gbé tẹlifíṣọ̀n sí ìdí rẹ̀, kí ó má baà ṣi yàrá wò. Nọ́ńbà 1 sí 5 ara rádíétọ̀ kì í ṣe ìwọ̀n ooru gan-an. Bí ó ti ń pọ̀ ni ooru yàrá náà ń pọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹta àti oṣù Kẹwàá, nígbà tí aago ìlú yí padà, ẹ yẹ ti ẹ̀rọ náà wò, nítorí òmíràn kì í yí fúnra rẹ̀.

Ẹ má ṣe torí owó pa á pátápátá. Òtútù àti ọ̀rinrin ní ń mú kí nǹkan dúdú hù lára ògiri, ó sì léwu fún ọmọ tí ó ní ikọ́ fée. Irú rẹ̀ ni ó pa Awaab Ishak, ọmọ ọdún méjì, ní Rochdale ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Òfin tí ó ń jẹ́ orúkọ ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Bí ilé yín bá jẹ́ ti káńsù tàbí ti ẹgbẹ́ onílé, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ọ̀rinrin tí ó léwu wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá tí wọ́n gbọ́. Bí ewu bá jẹ́ ti pàjáwìrì, wákàtí 24 ni wọ́n ní. Ẹ kọ ìwé sí wọn, kí ẹ sì ya fọ́tò. Ẹ má sì fi iná ìdáná gáàsì mú ilé gbóná láé: èéfín tí kò ní òórùn lè ti ibẹ̀ jáde, kí ó sì pa ènìyàn lójú oorun.

Nígbà tí mo padà sí ilé yẹn ní oṣù Kejì, fèrèsé wà ní títì, àpótí náà sì wà ní 19. Àkọ́bí ni ó mú mi lọ sí ìdí rẹ̀, tí ó fi wákàtí tí ó bá bàbá rẹ̀ tò hàn mí. Kò wọ kóòtù. Ẹ̀yin òbí, ẹ lọ wo ara ògiri yín lálẹ́ òní. Òtútù kò ní fi ilé wa ṣe ibùgbé o.