Ẹ̀jẹ̀ tó dì fẹ́ẹ̀ gbẹ̀mí Serena Williams lọ́jọ́ kejì tó bímọ!

Akọni ni Serena Williams lórí pápá tẹníìsì, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n orí bẹ́ẹ̀dì ọsíbítù nikú ti fẹ́ẹ̀ mú un. Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2017, ló bí Olympia, ọmọ ẹ̀, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde. Nígbà tó máa di ọjọ́ kejì, obìnrin yìí ò rí mí dáadáa mọ́.

Serena ò fi falẹ̀ rárá, torí pé lọ́dún 2011, ẹ̀jẹ̀ tó dì ti há sí ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ rí. Ó ní kí wọ́n tètè ya àwòrán àyà òun, kí wọ́n sì fún òun ní oògùn heparin. Nọ́ọ̀sì tó sọ fún rò pé oògùn ìrora ló ń gùn ún. Ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, wọn ò rí nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n ya àyà ni àṣírí tú.

Ṣé ẹ̀jẹ̀ tó ń dì wá burú ni? Rárá o! Bí ọ̀bẹ bá géèyàn lọ́wọ́, iṣan tó gé yóò kọ́kọ́ sún kì. Àwọn kinní kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní platelets yóò wá lẹ̀ mọ́ ojú ibẹ̀, bí ìgbà téèyàn fi amọ̀ dí ihò. Lẹ́yìn náà, àwọn èròjà tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe yóò hun àwọ̀n fibrin lé e. Bí ọgbẹ́ bá ń jinná, ara yóò tú àwọ̀n náà ká. Kó má baà dì kọjá ààlà, èròjà antithrombin ń ká a lọ́wọ́ kò. Òun gan-an ni heparin máa ń kín lẹ́yìn.

Wàhálà dé bó bá dì síbi tí kò sọ́gbẹ́. Ìjókòó pípẹ́, iṣẹ́ abẹ, oyún àti ìbímọ wà lára ohun tó ń fà á. Ẹsẹ̀ ló sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, bó bá já, ó di ẹ̀dọ̀fóró.

Àmọ́ oògùn tó ń gba Serena là yìí náà ló jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ya sí i níkùn, níbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ, ni wọ́n bá tún gbé e padà síbi iṣẹ́ abẹ. Ẹ ò wá rí i pé oògùn yìí kì í ṣe ohun téèyàn ń dá rà mu?

Bí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé wú, tó ń dùn yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró wọ́ ọ. Bó bá jẹ́ èémí ló ń gé, tàbí àyà ló ń dùn, ẹ má pè é ní àárẹ̀ lásán. Ọsíbítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀!