Òṣùká Lára Èjìká: Wíwá àti Wíwo Àwọn Sinimá Ogun Ilẹ̀ Olóoru

Lára àwọn sinimá àtijọ́ tí àwọn ènìyàn ń wá kiri láti kó pamọ́, ọ̀wọ́ kan wà tí ó yẹ kí ọmọ Yorùbá kà sí ju bí ó ti ń kà á sí lọ, ìyẹn ni sinimá ogun tí ìtàn rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ olóoru. Ilẹ̀ olóoru ni àgbègbè ayé tí ó wà ní ìhà méjèèjì ìlà tí ó pín ayé sí méjì ọgbọọgba, níbi tí oòrùn ti ń mú tọdún tọdún, tí òjò sì ń rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́ nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá dé. Ibẹ̀ ni Láńlátẹ̀ àti gbogbo Ìbàràpá wà, ibẹ̀ náà sì ni apá tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Bọ́mà wà, tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ti jà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn àgbà mọ̀ sí ogun Hítílà.

Ní ọdún 1943, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ọmọ ogun jọ láti Nàìjíríà, Gold Coast tí ó di Gánà, Sàró àti Gáḿbíà, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀wọ́ ńlá méjì tí wọ́n pè ní Dífíṣọ̀n Kọkànlélọ́gọ́rin àti Dífíṣọ̀n Kejìlélọ́gọ́rin. Dífíṣọ̀n ni ọ̀wọ́ ọmọ ogun tí ó tóbi tó láti dá dojú kọ ọ̀tá lábẹ́ ọ̀gágun kan ṣoṣo. Bí a bá ka àwọn ará Ìwọ̀-oòrùn àti Ìlà-oòrùn Áfíríkà pọ̀, nǹkan bí 100,000 ènìyàn ni ó lọ sí ojú ogun náà, Nàìjíríà ni ó sì kó èyí tí ó pọ̀ jù jáde nínú àwọn ti Ìwọ̀-oòrùn. Àgbègbè Arakan ní Bọ́mà ni wọ́n ti jà, pàápàá ní àfonífojì odò Kaladan, ibi tí ọ̀nà mọ́tò kò dé, tí bàálù fi ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn láti òkè, tí àwọn fúnra wọn sì ń fi orí ru ẹrù gun òkè sọ̀ kalẹ̀. Àmì tí Dífíṣọ̀n Kọkànlélọ́gọ́rin ń wọ̀ sí èjìká ni aláǹtakùn, ìyẹn Ananse inú àlọ́ àwọn Akan. Ti Dífíṣọ̀n Kejìlélọ́gọ́rin ni ọ̀kọ̀ méjì tí wọ́n dábùú ara wọn gba inú òṣùká kọjá. Kò sí ọmọ Ìbàràpá tí ó ti ru gbágùúdá wálé láti oko tí ẹnikẹ́ni ní láti túmọ̀ òṣùká fún.

Ẹni tí ó bá mọ àmì méjèèjì yìí ti gba kọ́kọ́rọ́ pàtàkì lọ́wọ́, nítorí pé nínú àwòrán tí kò ní àwọ̀ ju dúdú àti funfun lọ, sójà kan lè kọjá lójú ẹ̀rọ ayàwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì péré, kí etí fìlà rẹ̀ ti bo ojú rẹ̀, kí aṣọ rẹ̀ sì jọ ti gbogbo àwọn yòókù, ṣùgbọ́n tí ó bá yí èjìká sí ẹ̀gbẹ́ kan tí òṣùká náà sì hàn, a ti mọ ibi tí ó ti wá. Orúkọ ibi tí wọ́n ti jà náà kò jìnnà sí ilé. Ará Láńlátẹ̀ tí ó bá wọkọ̀ gba Èrúwà lọ sí Ìbàdàn, tí ó sì dé Mọ́kọ́lá, yóò rí bárékè àwọn sójà tí wọ́n ń pè ní Letmauk. Ibì kan ní Bọ́mà tí Dífíṣọ̀n Kejìlélọ́gọ́rin ti jà ní ọdún 1945 ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, bí wọ́n ti fi àwọn ibi ìjà Bọ́mà mìíràn sọ bárékè Dodan àti bárékè Arakan ní Èkó lórúkọ.

Ìdí tí irú wíwò fínnífínní bẹ́ẹ̀ fi pọn dandan ni pé àwọn sinimá tí òkìkí wọn kàn jù lọ nípa ogun yìí kò ka ọmọ Áfíríkà kún rárá. Ní ọdún 1945, ilé iṣẹ́ Warner Bros. gbé “Objective, Burma!” jáde ní Amẹ́ríkà, Errol Flynn ni olórí òṣèré inú rẹ̀, California ni wọ́n ti yà á, ìtàn rẹ̀ sì fi àwọn sójà Amẹ́ríkà hàn bí ẹni pé àwọn ni wọ́n gba Bọ́mà padà. Inú bí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì débi pé wọ́n dá fíìmù náà dúró ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, kò sì padà síbẹ̀ títí di ọdún 1952. Ìbínú wọn yéni. Àmọ́ ẹni tí bàbá rẹ̀ fi orí ru ẹrù la Kaladan já ní ẹ̀tọ́ sí ìbínú tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. “The Bridge on the River Kwai”, tí David Lean ṣe ní ọdún 1957, tí wọ́n sì yà ní Ceylon tí ó di Sri Lanka, jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ńlá, ó sì rọrùn láti rí rà, ṣùgbọ́n nípa àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun Gẹ̀ẹ́sì ni.

Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí olùkójọ máa lé ni àwọn fíìmù kéékèèké tí kò lókìkí. Nígbà ogun náà, àwọn sójà kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ yíya àwòrán, tí wọ́n ń bá àwọn jagunjagun rìn. Inú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti gé “Burma Victory” jáde, èyí tí Roy Boulting darí ní ọdún 1945. Èyí tí wọn kò gé lò ṣì wà ní Imperial War Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú ìwé pélébé tí ayàwòrán kọ láti sọ ọjọ́, ibi, àti ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń wò. Ìwé pélébé yìí níye lórí ju bí ènìyàn ti lè rò lọ, nítorí pé òun ni ó ń sọ àwòrán aláìlóhùn di ẹ̀rí.

Ọmọ Yorùbá kan wà tí ojú rẹ̀ hàn gbangba nínú ọ̀wọ́ sinimá yìí, a kò sì gbọdọ̀ gbójú fò ó. Orlando Martins ni orúkọ rẹ̀, Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1899, Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ti di òṣèré. Nínú “The Hasty Heart”, tí Vincent Sherman darí ní ọdún 1949, ilé ìwòsàn àwọn sójà ní Bọ́mà ni ìtàn ti ṣẹlẹ̀, ní ọdún 1945 tí ogun ń parí lọ. Sójà kan láti Scotland, tí Richard Todd ṣe ipò rẹ̀, fẹ́ kú láìmọ̀, àwọn tí wọ́n jọ dùbúlẹ̀ sì mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Ronald Reagan, tí ó padà di Ààrẹ Amẹ́ríkà, òmíràn sì ni Martins, ẹni tí wọ́n pè ní Blossom, tí wọ́n ní ó jẹ́ ọmọ Basuto láti gúúsù Áfíríkà. Wọ́n kọ́ Bọ́mà náà sínú ilé ìyàwòrán kan ní Elstree, ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin gíga ni Martins, ohùn rẹ̀ sì jinlẹ̀ gidigidi, síbẹ̀ ẹni tí ó kọ ìtàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má fún Blossom ní ọ̀rọ̀ kankan sọ ju orúkọ ara rẹ̀ lọ. Ẹ̀bùn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ni, ó sì dunni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé ojú kúrò lára àwọn tí ń sọ̀rọ̀, tí ó tẹjú mọ́ bẹ́ẹ̀dì Blossom, yóò rí i bí ọmọ Èkó yìí ti ń fi ẹ̀rín, ọrùn àti ìpéǹpéjú sọ ohun tí wọn kò kọ fún un. Ó tún kó ipa nínú “Simba” ní ọdún 1955, fíìmù tí ó dá lórí ogun Mau Mau ní Kẹ́ńyà, kí ó tó padà wá sí ilé, níbi tí ó ti ṣeré nínú “Kongi’s Harvest” ní ọdún 1970, tí ó sì kú ní ọdún 1985.

Fíìmù tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe “Kongi’s Harvest” yẹn bá wọn ṣe tẹ̀ lé e náà ṣọ̀wọ́n. “Bullfrog in the Sun” ni wọ́n pè é, ọdún 1971 ni wọ́n ṣe é, Hans Jürgen Pohland láti Jámánì ni ó darí rẹ̀, ilé iṣẹ́ Calpenny ti Francis Oládélé sì wà lára àwọn tí ó ṣe é. Ìwé méjì tí Chinua Achebe kọ ni wọ́n hun pọ̀, wọ́n sì fi ogun abẹ́lé Nàìjíríà ti ọdún 1967 sí 1970 kún un.

Kí fídíò tó dé, ọkọ̀ sinimá ni àwọn ará ìletò mọ̀. Ní ọdún 1939 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Colonial Film Unit sílẹ̀, ẹ̀ka tí ń ṣe fíìmù fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, wọ́n sì fi William Sellers ṣe olórí rẹ̀, ọkùnrin tí ó ti ń fi sinimá kọ́ àwọn ará Nàìjíríà nípa ìlera láti bí ọdún 1920 lọ sókè. Ọdún 1955 ni wọ́n ti ẹ̀ka náà. Ọkọ̀ náà ń gbé jẹnẹrétọ̀, aṣọ funfun ńlá, gbohùngbohùn àti ẹ̀rọ tí ń tan àwòrán. Púpọ̀ nínú fíìmù wọn kò lóhùn. Ògbufọ̀ ni ó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun, tí ó ń fi èdè ìlú ṣàlàyé ohun tí ojú ń rí, ìbáà ṣe bí ará Lọ́ńdọ̀nù ti ń gbé inú ilé rẹ̀, ìbáà ṣe ìdí tí ìjọba fi ń wá sójà. Èyí ni pé fíìmù kan náà ní ìdajì méjì: ìdajì kan wà nínú agolo, ìdajì kejì wà lẹ́nu ògbufọ̀, kò sì sí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Lọ́wọ́ ẹni tí ó wà níbẹ̀ ní ọmọdé nìkan ni a ti lè béèrè rẹ̀ mọ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì ti darúgbó kùjọ́kùjọ́.

Agolo náà kò láàbò tó bẹ́ẹ̀. Fíìmù olówó ńlá tí wọ́n ṣe kí ó tó di nǹkan bí ọdún 1951 sábà máa ń jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní nitrate, tí iná lè ràn mọ́ bí ẹ̀tù ìbọn. Èyí tí ọkọ̀ sinimá ń lò, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16, kì í gbiná bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá tirẹ̀: bí wọ́n bá gbé e sínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́, ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú ásíìdì jáde, yóò máa rùn bí fínígà, yóò sún kì, yóò sì ká kò. Ásíìdì ọ̀kan a sì máa ran àwọn tí ó wà nítòsí rẹ̀. Rọ́ọ̀lù kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 400 kò ju ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ, nítorí náà rọ́ọ̀lù mẹ́fà tàbí méje ni ó ń para pọ̀ di sinimá wákàtí kan ó lé díẹ̀. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ìtàn ti fò. Ilẹ̀ olóoru tí ó jẹ́ ẹwà fíìmù wọ̀nyí gan-an ni ó ń pa wọ́n.

Òtútù Jos wà lára ohun tí ó mú kí ìlú náà dára fún ilé ìpamọ́ fíìmù ìjọba àpapọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí “Shaihu Umar” tí Adamu Halilu ṣe ní ọdún 1976, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ti rò pé ó ti sọnù. Wọ́n tún un ṣe ní Berlin, wọ́n sì fi hàn ní àjọ̀dún sinimá ìlú náà ní ọdún 2018. Ti Yorùbá kò rí irú oríire bẹ́ẹ̀ tó. “Ìjà Òmìnira”, tí Ọlá Balógun àti Adéyẹmí Afọláyan ṣe ní ọdún 1979 láti inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, jẹ́ sinimá ọ̀tẹ̀ àti ìjà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní àkókò náà, ẹni tí ó ni fíìmù ni ó ń gbé rọ́ọ̀lù rẹ̀ kiri láti ìlú dé ìlú, òkè òkun ni wọ́n sì ti ń fọ fíìmù, nítorí náà ẹ̀dà tó kù kò tó nǹkan.

Láńlátẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ àwòrán. Ní ọdún 1971, ibẹ̀ ni Nàìjíríà kọ́kọ́ kọ́ ibùdó ilẹ̀ fún sátẹ́láìtì sí, pẹ̀lú àwo ńlá tí ń bá ojú ọ̀run sọ̀rọ̀, tí ó ń gba ìpè tẹlifóònù àti àwòrán tẹlifíṣọ̀n láti òkè òkun nígbà náà. Ìlú tí àwòrán ayé gba inú rẹ̀ wọ Nàìjíríà kò gbọdọ̀ jẹ́ ìlú tí àwòrán àtijọ́ ti parun. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn rẹ̀ sì lè fi fóònù wo àkójọ Colonial Film, níbi tí wọ́n ti to orúkọ fíìmù tí ó lé ní 6,000 sí, tí a sì lè wo nǹkan bí 150 nínú wọn láìsan kọ́bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni ní Ìgbó-Ọrà tàbí Èrúwà bá sì rí agolo fíìmù nínú yàrá bàbá rẹ̀, kí ó má ṣe tẹ̀ ẹ́ bọ ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀, kí ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù, kí ó gbé e sí ibi tútù tí kò lọ́rinrin, kí ó sì kọ orúkọ àgbà tí ó bá mọ ojú kan nínú rẹ̀ sílẹ̀.

Fíìmù kan tí kò tíì darúgbó ni ó fi bí ojú kan ṣe lè wúwo tó hàn. Ní ọdún 2011, Al Jazeera gbé “Burma Boy” jáde, iṣẹ́ Barnaby Phillips, nípa Isaac Fádóyèbọ̀ ọmọ Ẹ̀múré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ẹni tí ó wọṣẹ́ ológun ní ọdún 1942 nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, tí wọ́n sì fi sí ìdí ìtọ́jú àwọn tí ó farapa. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará Japan yìnbọn lù wọ́n lẹ́bàá odò Kaladan, ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì kú; oṣù mẹ́sàn-án ni òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, fi sá pamọ́ lẹ́yìn ìlà ọ̀tá, tí àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tí ń jẹ́ Shuyiman ń bọ́ wọn, tí ó sì gbà wọ́n sílé ara rẹ̀, kí àwọn sójà Gurkha ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó rí wọn ní oṣù Kejìlá. Nígbà tí Fádóyèbọ̀ ti di arúgbó, ó kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí ìdílé Shuyiman, Phillips sì gbé e lọ sí Bọ́mà. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n mọ ìtàn sójà dúdú méjì náà láti ẹnu àwọn òbí wọn, lẹ́tà náà sì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, lẹ́yìn ọdún tí ó lé ní ọgọ́ta. Ìròyìn wọn dé etí Fádóyèbọ̀ ní Nàìjíríà kí ó tó kú ní ọdún 2012.