Orin Ayọ̀ Bánkọ́lé àti Etí Àwọn Àgbà

Bí àgbà Yorùbá bá gbọ́ orin titun, ohun tí orin náà wí ni í kọ́kọ́ béèrè, kí ó tó sọ bóyá ó dùn. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ọkọ ni ọkọ ìyàwó, ọkọ́ ni a fi ń ro oko, ọkọ̀ ni a ń wọ̀ re ìrìn-àjò, ọ̀kọ̀ sì jẹ́ ohun ìjà. Bí orin bá gbé ọ̀rọ̀ sókè níbi tí kò yẹ, ọkọ ìyàwó lè di ọkọ́ àgbẹ̀! Láti Araromi-Obu títí dé Èkó, etí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti mọ àṣìṣe yìí, nítorí pé ohùn Òyìnbó ni a fi ń kọ ọ̀pọ̀ orin ìsìn tí a túmọ̀ sí Yorùbá.

Olóògbé T. K. Ekúndayọ̀ Phillips, ọ̀gá akọrin ní Kàtídírà ti Kristi, Marina, Èkó, kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Ó tẹnu mọ́ ọn níbẹ̀ pé orin wa gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí a bí ní Jos ní 1935, ti kọrin nígbà èwe. Ní 1959, nígbà tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kọ orin Yorùbá mẹ́ta fún ohùn ọkùnrin kan àti dùùrù.

Irú orin bẹ́ẹ̀ máa ń pín olùgbọ́ sí méjì. Ọ̀mọ̀wé orin a máa yẹ iṣẹ́ dùùrù wò. Àgbà a máa tẹ́tí sí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àgbà náà jẹ́ ti ìmọ̀. Dùùrù kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò bàjẹ́. Akọrin kan ṣoṣo sì lè pa ohùn ọ̀rọ̀ mọ́. Níbi tí akọrin bá ti pín sí ohùn mẹ́rin ni wàhálà wà: bí ohùn òkè bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀, tí ohùn ìsàlẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn, ọ̀rọ̀ kan náà di méjì lẹ́nu wọn. Nítorí náà, ìdánwò tí ó le jù ni iṣẹ́ bí Ọ̀nà Àrà tí Bánkọ́lé kọ ní 1970, tí ó kó àwọn adákọrin, ẹgbẹ́ akọrin, dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì àti ohun-èlò orin Yorùbá pọ̀.

Wọ́n dá ẹ̀mí Bánkọ́lé légbodò ní Èkó ní oṣù kọkànlá 1976, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélógójì. Ọ̀dọ́ tí ó ń kọ orin lónìí, kí ó pe àgbà kan jókòó kí orin tó jáde, kí ó sì bi í ní ohun tí ó gbọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.