Bàálù gbé wọn dé ‘London’, ṣùgbọ́n London ṣì kù: Ẹ wo bí èrò bàálù olówó pọ́ọ́kú ṣe lè dé àárín ìlú láìjẹ gbèsè

Ìnáwó ló gbé obìnrin náà lọ sí Dublin lópin ọ̀sẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe ìgbéyàwó, òun náà ò sì fẹ́ gbọ́ ọ níròyìn. Ẹ bi àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Peckham tàbí Woolwich, wọn yóò sọ pé irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan bàbàrà mọ́. Bàálù tó gbé e lọ tó sì gbé e bọ̀, gbogbo rẹ̀ kò ju 30 pọ́n-ùn lọ. Owó gèlè àti aṣọ ẹbí tó rà ju ìyẹn lọ dáadáa.

Aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ Sọ́ńdè ni bàálù balẹ̀. Kó tó gba àpótí rẹ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti fẹ́ máa mọ́. Gàdàgbà ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ‘London Stansted’, obìnrin náà sì dúpẹ́ pé òun ti délé. Àfìgbà tó jáde síta tó bi onítákísí léèrè iye tó máa gbà dé Peckham. Iye tó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 pọ́n-ùn. Bàálù tó gbé e kọjá òkun lẹ́ẹ̀mejì gba 30, mọ́tò tó fẹ́ rìn lórí ilẹ̀ lásán ń béèrè ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ! Bẹ́ẹ̀ aago méje àárọ̀ Mọ́ńdè ló gbọ́dọ̀ wà níbi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tó ń ṣe. Bí kò bá débẹ̀, owó ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn.

Irú ẹ̀ pọ̀ lọ jàra. Gbogbo ẹni tó bá fojú sí owó bàálù nìkan, tí kò béèrè ibi tí bàálù náà ń balẹ̀ sí, ọjọ́ kan báyìí ni yóò jẹ́ tirẹ̀.

ILÉ LÀ Ń WÒ KÁ TÓ SỌMỌ LÓRÚKỌ

Àwọn Yorùbá ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó ń sọ pápákọ̀ òfurufú lórúkọ kì í wo ilé ní tiwọn, ọjà ni wọ́n ń wò. Inú Essex ni Stansted wà. Ó tó nǹkan bíi 40 máìlì, ìyẹn kìlómítà 64, sí àárín London. Kẹ́ni tó mọ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn fojú inú wò ó pé Ṣágámù ni wọ́n já òun sí, kí wọ́n wá ní òun ti dé Ìsàlẹ̀ Èkó.

Luton náà nìyẹn. Ìlú tó dá dúró ni, ní Bedfordshire, ó tó nǹkan bí 30 máìlì sí London. Ọdún 1990 ni wọ́n fi orúkọ London síwájú orúkọ pápákọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò mọ sí Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ní Jámánì, pápákọ̀ tí wọ́n ń pè ní Frankfurt-Hahn jìn sí Frankfurt tó nǹkan bíi kìlómítà 120. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tàn yín, Èkó sí Ìbàdàn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bá yẹn dọ́gba! Ní Sweden, Skavsta tí wọ́n ń tà fún èrò bíi Stockholm, nǹkan bíi kìlómítà 100 ló fi jìn sí ìlú náà.

Àwọn oníbàálù yìí ò ya wèrè o. Owó tí wọ́n ń san láti balẹ̀ sí irú ibẹ̀ kéré sí ti pápákọ̀ ńlá. Èrò kì í fún pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà bàálù lè sọ èrò kalẹ̀, kó kó òmíràn, kó sì gbéra láìpẹ́. Bàálù tó bá dúró sílẹ̀ kì í pawó, èyí tó wà lófurufú ló ń pawó. Luton ni Ryanair ń ná láti Dublin lọ́dún 1986 kó tó kó lọ sí Stansted lọ́dún 1991. Luton yẹn náà ni easyJet ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1995. Owó tí wọ́n bu kúrò lórí tíkẹ́ẹ̀tì ni èrò máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ dá padà fún onímọ́tò, bí kò bá fura.

Ọ̀NÀ KAN Ò WỌJÀ

Láti Stansted, ọkọ̀ ojú irin ló yá jù. Nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú ló fi ń dé Liverpool Street. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró di ọjọ́ náà kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó lè san ju 20 pọ́n-ùn lọ. Ẹni tó ti rà á sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ púpọ̀ ṣáájú lè san iye tó kéré sí i gan-an. Ẹni tó ń lọ sí apá Tottenham tàbí Brixton ò tilẹ̀ nílò kó dé Liverpool Street. Kó bọ́ sílẹ̀ ní Tottenham Hale, kó wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Victoria line.

Èkejì ni bọ́ọ̀sì ńlá bíi ti National Express tó ń lọ sí Stratford àti Victoria. Ó máa ń ju wákàtí kan lọ lójú ọ̀nà, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ sì lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ sábà máa ń kéré sí ti ọkọ̀ ojú irin, ó sì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bá ti sùn. Òun náà ló máa ń gba ẹni tí bàálù rẹ̀ fẹ́ gbéra ní aago mẹ́fà ìdájí sílẹ̀.

Ẹni tí àkókò rẹ̀ gba á, tẹ́rù rẹ̀ ò pọ̀, lè wọ bọ́ọ̀sì ìgboro láti pápákọ̀ dé Bishop's Stortford tó wà nítòsí, kó wá wọ ọkọ̀ ojú irin gidi níbẹ̀ bí àwọn ará ìlú ṣe ń wọ̀ ọ́. Orúkọ pápákọ̀ tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì máa ń gbé owó lé e.

Ní ti Luton, orúkọ méjì ló ń kó èrò sí wàhálà. ‘Luton Airport Parkway’ ni ibùdókọ̀ ojú irin, ó sì ju máìlì kan lọ sí ibi tí bàálù wà. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní DART ló ń gbé èrò láàrin méjèèjì láti ọdún 2023. Ìrìn rẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, bẹ́ẹ̀ 4.90 pọ́n-ùn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbà níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ojú irin tí wọ́n bá kọ ‘Luton Airport’ sí ti san owó DART mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n bá kọ ‘Parkway’ sí kò san án.

ẸNI TÓ Ń TI ÈKÓ BỌ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó wà nílé náà, pàápàá àwọn ìyá tó ń lọ tọ́jú ọmọ tuntun. Láti oṣù kẹta ọdún 2024 tí Air Peace ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Èkó lọ sí Gatwick, ọ̀pọ̀ ló ti rí i pé Gatwick kì í ṣe Heathrow. Inú London ni Heathrow wà, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ sì ti ń dé ibẹ̀ láti ọdún 1977. Gatwick tó nǹkan bí 28 máìlì sí àárín ìlú.

Ohun tó ń jẹ wọ́n lówó níbẹ̀ ni Gatwick Express tó ń lọ sí Victoria. Àwọn ọkọ̀ Southern àti Thameslink ń kúrò níbùdókọ̀ kan náà, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi pẹ́ jù ú, owó wọn sì kéré sí tirẹ̀ dáadáa. East Croydon tàbí London Bridge tí wọ́n ń gbà kọjá gan-an ló sì bá ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé gúúsù London lára mu. Láti ọdún 2016 ni èèyàn ti lè fi káàdì báǹkì kan ẹ̀rọ wọlé níbẹ̀, ṣùgbọ́n káàdì kan, ẹnì kan ni. Kí màmá rí i dájú pé káàdì tó mú bọ̀ láti ilé ń ṣiṣẹ́ lókè òkun. Bọ́ọ̀sì London náà kò gba owó lọ́wọ́ mọ́ láti ọdún 2014.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń rìn gbéregbère nínú pápákọ̀, tí wọ́n ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé àwọn ní tákísí. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ò fàyè gba ìyẹn. Mọ́tò aládàáni tó bá fẹ́ gbé èrò, èrò gbọ́dọ̀ ti bá iléeṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹni mẹ́rin ni wọ́n pẹ̀lú ẹrù rẹpẹtẹ, irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ tí wọ́n dáwó jọ san lè dọ́gba pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì ojú irin mẹ́rin. Kí wọ́n ṣírò ó kí wọ́n tó kúrò nílé.

OBÌNRIN YẸN DÉLÉ

Obìnrin ará Peckham yẹn ò wọ tákísí. Ó jókòó ti àpótí rẹ̀, ó dúró de bọ́ọ̀sì ńlá tó ń lọ sí Victoria. Láti ibẹ̀ ló ti fẹsẹ̀ wọ́ àpótí lọ wọ bọ́ọ̀sì 36, èyí tí kì í sùn tọ̀sán-tòru, tó sì gbé e dé Peckham. Aago mẹ́ta ti kọjá nígbà tó kan ilẹ̀kùn. Wákàtí méjì péré ló sùn, ṣùgbọ́n aago méje ò lù kó tó débi iṣẹ́.

Wọ́n ti tún pe ìnáwó mìíràn ní Dublin. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kọ́kọ́ béèrè iye tí bàálù ń gbà. Aago tó máa balẹ̀ ló kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà ló béèrè ibi tó máa balẹ̀ sí, ó sì ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì tí yóò gbé e wọ ìlú lọ́jọ́ kan náà tó ra ti bàálù.