Simidele Adeagbo: Báwo ni obìnrin tó ń gbé Johannesburg ṣe di eléré orí yìnyín fún Nàìjíríà?

Nígbà tí yìnyín já bọ́ ní Johannesburg ní ọjọ́ 10, oṣù Keje, ọdún 2023, ńṣe làwọn èèyàn sáré jáde wá wò ó. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti rí irú rẹ̀ kẹ́yìn. Ọmọ tí wọ́n bí sí Jeppestown, àdúgbò àtijọ́ tó wà ní ìlà oòrùn àárín ìlú náà, lè dàgbà tán kó má rí yìnyín nílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Síbẹ̀, ìlú yìí ni Simidele Adeagbo ń gbé nígbà tó pinnu pé òun fẹ́ ṣojú Nàìjíríà níbi ìdíje Olympics ìgbà òtútù.

Ta ni Simidele Adeagbo?

Ìlú Toronto ní Canada ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1981, àmọ́ ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀. Ó gbé Nàìjíríà ní kékeré kí ẹbí rẹ̀ tó kó lọ sí Amẹ́ríkà.

Orí pápá ló ti kọ́kọ́ lórúkọ. Ó ń díje nínú eré fífò tí wọ́n ń pè ní triple jump fún Yunifásítì Kentucky. Lọ́dún 2008, ó kópa nínú ìdíje tí Amẹ́ríkà fi ń yan àwọn tí yóò lọ sí Olympics Beijing, ṣùgbọ́n ohun tó fi kùnà kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan.

Lẹ́yìn èyí, ó fi eré sílẹ̀, ó gbájú mọ́ iṣẹ́ oṣù. Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ Nike ló gbé e dé Johannesburg.

Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ ìròyìn pé àwọn obìnrin Nàìjíríà mẹ́ta tó ń gbé Amẹ́ríkà, Seun Adigun, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga, ń gbìyànjú láti díje nínú bobsleigh, eré ọkọ̀ tó ń sáré lórí yìnyín. Adigun fi pákó kan ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń dánra wò ní Houston, wọ́n sì tọrọ owó lọ́wọ́ aráyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Adeagbo náà lọ sí Houston lọ́dún 2017 láti dán ara rẹ̀ wò. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ó bẹ̀rẹ̀ skeleton.

Kí ni skeleton?

Nínú eré yìí, eléré kan ṣoṣo ló máa ń dojú bolẹ̀ lórí ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan, orí ló máa ń ṣáájú, àgbọ̀n rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan yìnyín. Ọkọ̀ náà kò ní bíréèkì. Eré rẹ̀ lè tó kìlómítà 130 láàárín wákàtí kan.

Kí ló wá kan ẹni tó ń fò lórí pápá? Ìbẹ̀rẹ̀ eré náà ni. Eléré gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó di ọkọ̀ náà mú, kó sì fi gbogbo agbára sáré kó tó fò lé e lórí. Ẹni tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá falẹ̀ kò ní rọrùn fún láti bá àwọn yòókù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń wá àwọn tó ti sáré tàbí fò rí sínú eré náà.

Ṣé ìjákulẹ̀ ni ipò ìkẹyìn?

Ní oṣù Kejì ọdún 2018, Adeagbo díje ní PyeongChang, South Korea. Ẹni ọdún 36 ni, kò sì tíì pé oṣù mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ skeleton. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà kópa nínú Olympics ìgbà òtútù náà nìyẹn.

Obìnrin 20 ló díje, ipò ogún ló wà. Lizzy Yarnold ti Britain ló gba góòlù, ìkejì irú rẹ̀ fún un.

Àmọ́ kò sí obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà kankan tó ti díje skeleton ní Olympics ṣáájú rẹ̀. Obìnrin tó bá tún wá láti Áfíríkà yóò bá orúkọ kan nílẹ̀.

Kí ni ìdènà gan-an?

Kì í ṣe oòrùn ni ìṣòro tó tóbi jù. Kò sí ọ̀nà yìnyín kankan tí wọ́n ti lè sá eré yìí ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ gbọ́dọ̀ wọ bàálù lọ sí Yúróòpù, Amẹ́ríkà tàbí Éṣíà, kó san owó ilé gbígbé àti olùkọ́ni, kó sì máa ti ìlú kan dé òmíràn kiri láti wá àmì tí yóò fi yege.

Adeagbo bọ́ sínú monobob, ìyẹn bobsleigh ẹlẹ́nìkan tó wọ Olympics fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Beijing lọ́dún 2022. Kò rí àyè wọlé. Samuel Ikpefan, tó ń díje nínú eré síkì, nìkan ló ṣojú Nàìjíríà níbẹ̀.

Ṣé eré yìnyín mìíràn wà tó rọrùn jù?

Curling kò nílò òkè tàbí ọ̀nà gígùn. Inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń ṣe é, lórí yìnyín pẹrẹsẹ tó gùn tó mítà 45. Wọ́n á ti òkúta tó wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 20 síbi àmì róbótó kan, wọ́n á sì máa fi ìgbálẹ̀ gbá iwájú rẹ̀ kó lè lọ jìnnà.

Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tó wọ àjọ curling àgbáyé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, Susana Cole àti Tijani Cole ṣojú Nàìjíríà níbi ìdíje àgbáyé ti ọkùnrin kan àti obìnrin kan ní Stavanger, Norway. Wọ́n fi àmì mẹ́jọ sí márùn-ún na France.

Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ta òkúta náà ṣì gbọ́dọ̀ wà nítòsí kí ọmọ tó lè mọ̀ bóyá ó ní ẹ̀bùn rẹ̀. Adeagbo ti lé ní ọdún 35 kí ó tó mọ̀ pé òun lè sáré lórí yìnyín. Ọmọbìnrin ìlú Èkó tàbí Jeppestown tó ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè máà mọ̀ láéláé.